Àbúrò, má ì tíì pa oògùn ẹ tì o

Àbúrò mi tó ń bèèrè bóyá kóun pa oògùn mesalazine tì, kóun máa lo kápúsù bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe ìfun lóore, fún ulcerative colitis, àìsàn egbò inú ìfun ńlá, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná, tóri ojú mi ti rí nǹkan.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣu ẹ̀jẹ̀ l'Òṣogbo níbí, jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo èèyàn ń pè é, àgbo jẹ̀dí tí mo rà l'Ọjà Ọba ò lóǹkà, ìgbà tí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú mi ni wọ́n tó rí i pé egbò ló kún ìfun ńlá. Mesalazine ló dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró. Ara yá tán, mo wá kà á lórí fóònù pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe ìfun lóore máa ń dín kù lára àwa tá a ní àìsàn yìí, òótọ́ sì ni, ni mo bá pa oògùn tì, mo ń ra kápúsù, mo tún ń mu omidùn ife kan láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdájí, mo dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ mo wẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ lásán ni, ìgbẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá. Kílẹ̀ tó mọ́ mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára.

Mi ò ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ bakitéríà yìí o. Bakitéríà kan wà, E. coli Nissle 1917, Alfred Nissle, dókítà ará Jámánì, ló rí i lára ṣọ́jà kan nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìgbẹ́ gbuuru ń da àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láàmú, tòun ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti fi wé mesalazine, iṣẹ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra tó bá jẹ́ ká má jẹ́ kí colitis tó ti rọlẹ̀ tún gbérí. Àmọ́ òun gan-an ni o, kì í ṣe kápúsù èyíkéyìí! Lactobacillus ló wà nínú tèmi.

Ìgbẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ tó o ní ẹ fẹ́ fi pọ́ǹpù rọ gba ìdí nílé, kí bakitéríà inú ẹ̀ lè wọ ìfun ẹ, ló dẹ́rù bà mí jù. Lọ́dún 2019 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kéde pé èèyàn méjì kó kòkòrò tí oògùn ò ràn látinú irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kú, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni wọ́n mà ti gbà á. Rebyota àti Vowst, oògùn tí wọ́n fi bakitéríà inú ìgbẹ́ ṣe, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 àti 2023, C. difficile tó ń padà wá, ìyẹn bakitéríà kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ni wọ́n wà fún, kì í ṣe tiwa.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yọ báyìí, má dúró dọ̀la, lọ bá dókítà ẹ, kó o mú páálí kápúsù yẹn dání kó o fi hàn wọ́n.