Kí ni ìtumọ̀ "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí"? "Ọjọ́ ikú erin, onírúurú ọ̀bẹ là á rí" ńkọ́?

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè òwe yìí, nítorí inú ti ń bí mi láti Sátidé. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbarà, alága ìdúró gba máìkì, ó ní "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin" túmọ̀ sí pé erin ń rìn gìrìgìrì, ilẹ̀ ń mì, kò sẹ́ni tí kò ní rí i, nítorí náà ká máa bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá. Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́! Rárá o.

Èmi gbà pé ọdẹ ló pa òwe yẹn, ọdẹ ò sì ní sọ pé erin ń rìn gìrìgìrì. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà, ní Ìtòkò. Lọ́jọ́ kan wọ́n da ewé gbígbẹ sórí òkúta iwájú ilé, wọ́n ní kí n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó dún débi pé adìyẹ tó ń jẹ̀ nítòsí ta kúrò níbẹ̀. Wọ́n wá fi ògbólógbòó aṣọ wé ọwọ́ wọn bí òṣùká, wọ́n rọra tẹ ewé mìíràn mọ́lẹ̀. Adìyẹ náà ò tiẹ̀ gbórí sókè. "Bẹ́ẹ̀ lẹsẹ̀ erin rí." Òótọ́ ni: orí ìka ẹsẹ̀ lerin fi ń rìn, ọ̀rá tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ló sì wà lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Nínú igbó dídí, ó lè wà nítòsí rẹ kó o má gbọ́ nǹkan kan, àfi tó bá ń ya ẹ̀ka igi jẹ. Bó bá gbéra, o lè má rí ju etí kan lọ kí ewé tó pa dé.

Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni tó ní òun rí nǹkan fìrí lè má purọ́ nípa ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ńlá wà nílẹ̀, ìgbẹ́ tí kóró èso kún inú rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì mọ ohun tó kọjá. Ẹ̀rù àtijẹ́rìí ló ń bà á. Òun lòwe náà ń bá wí: ohun tó o bá mọ̀ pé o rí, sọ ọ́ gbangba. "Ọjọ́ ikú erin, onírúurú ọ̀bẹ là á rí" tẹ́ ẹ fi kún un ò le: àǹfààní ńlá a máa kó èrò jọ.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta rò pé Kenya nìkan lerin wà. Erin ṣì wà nígbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, lápá Ìjẹ̀bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn agégẹdú àti oko kòkó ti há wọn mọ́. Ta ló ń sọ fún wọn?

Ibi tí mo ti gbọ́ òwe náà bó ṣe yẹ ni ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ kan. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ta á pé àwọn wo ló tà á, ó ní, "Ó dà bí ẹni pé mo rí wọn." Bàbá àgbà wò ó, wọ́n pa òwe yẹn. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó dárúkọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.