Ìbéèrè yín: Ṣé Denis Law ló já Man U sí dífísọ̀n kejì lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bùrọ̀dá mi tó ń ṣe Man City kì í jẹ́ kí n gbádùn, ó ní Denis Law tí àwa ń pè ní Ọba, òun gan-an ló fi góòlù já wa sí dífísọ̀n kejì lọ́dún 1974. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló wá dé tí wọ́n fi mọ ère ẹ̀ sí Old Trafford, pápá wa? – Ọmọ Man U

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni bùrọ̀dá yín gbọ́. Law, tó ti wà ní City nígbà yẹn, gbá góòlù yẹn wọlé Man U lóòótọ́, April 27, 1974 ni, Old Trafford náà ni, eré ti fẹ́ẹ̀ parí, kò tíì sẹ́ni tó gbá nǹkan kan wọlé, bọ́ọ̀lù wá bá a níwájú ilé, ó kẹ̀yìn sí kípà, ló bá fi gìgísẹ̀ tì í sáwọ̀n. Kò pariwo o, kò nawọ́ sókè, àwọn ará City ń dì mọ́ ọn ó ṣáà dorí kodò, ojú ẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn fáànù ya wọ pápá, rẹfirí ò lè parí eré mọ́, 1-0 yẹn náà ni wọ́n sì fi sílẹ̀.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà Birmingham, tóun náà ń sá fún ìjábọ́, na Norwich 2-1, ìyẹn ló sì parí ọ̀rọ̀ Man U, tí wọ́n bá tiẹ̀ na City wọ́n á jábọ́ náà ni. Ẹ jẹ́ kó tún yé bùrọ̀dá yín pé kì í ṣe Law ló sá kúrò ní Man U. Tommy Docherty tó jẹ́ kóòṣì Man U, ọmọ Scotland bíi tiẹ̀, ló ní kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 1973, orí tẹlifíṣọ̀n ní Aberdeen ni Law ti gbọ́ ọ. Ó dùn mí fún un títí dòní.

Aberdeen yẹn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1940, apẹja lójú òkun ni bàbá ẹ̀, ọmọ méje ni wọ́n, òun làbíkẹ́yìn. Ojú ẹ̀ kan dà nígbà tó wà lọ́mọdé, Huddersfield, kílọ́ọ̀bù tó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ló wà nígbà tó ṣiṣẹ́ abẹ tó tún un ṣe. City rà á lọ́dún 1960, ó lọ sí Torino ní Ítálì, Man U wá fi pọ́n-ùn 115,000 mú un wálé lọ́dún 1962. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti Luton lọ́dún 1961, ní FA Cup, òun nìkan gbá góòlù mẹ́fà wọlé fún City, òjò ba pápá jẹ́, wọ́n dá eré dúró, wọ́n sì pa gbogbo ẹ̀ rẹ́! Nígbà tí wọ́n tún un gbá, Luton na City 3-1, Law náà ló gbá ẹyọ kan yẹn.

Ní Man U, góòlù 237 nínú eré 404. Nínú sáà 1963-64 nìkan ó gbá 46, kò tíì sẹ́ni tó bá a níbẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù yẹn. Ọdún 1964 ló gba Ballon d'Or, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, ọmọ Scotland mìíràn ò sì tíì gbà á rí. Orúnkún ni ò jẹ́ kó gbá fáínà European Cup (tí wọ́n ń pè ní Champions League báyìí) 1968, ọsibítù ló ti wò ó. Fún Scotland, góòlù 30 nínú eré 55, Kenny Dalglish náà ní 30, ṣùgbọ́n eré 102 ló fi gbá tiẹ̀.

Nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ ère ẹ̀ sínú Stretford End, apá kan ní Old Trafford, tí wọ́n tún mọ òmíràn síta lọ́dún 2008, tòun ti George Best àti Bobby Charlton tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Man U. Nígbà tó kú ní January 2025, lẹ́ni ọdún 84, àti Man U àti City ló ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.