Ta ló ní kí o ṣèlérí pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ìbéèrè tí o bi mí ni pé kí ni kí o ṣe sí ọ̀gá rẹ tó gbé ipò fún ẹni tó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. O ròyìn bí o ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ lóru, bí o ṣe ń dá wọn lóhùn lọ́jọ́ ìsinmi, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe kí ọ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgbéga ló gba gbogbo lẹ́tà náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí o parí rẹ̀ ni o wá kọ èyí:

“Àǹtí mi, bí àpẹẹrẹ, ọmọbìnrin kan wà tó wà ní ọdún kejì. Ó sọ fún mi pé ilé ayé ti sú òun. Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lórí fóònù mi. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ti pín àwọn ìwé àti aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé mo mọ iṣẹ́ yìí ju ẹni tí wọ́n gbé ga lọ?”

Rárá, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni ọmọ tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti fèsì sí ọ lọ́tọ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò lè dúró de ìgbà tí mo bá ráyè kọ ọ́ síbí. O ti mọ ohun tí mo ní kí o ṣe lọ́jọ́ náà. Èyí tí mo ń kọ báyìí, tìrẹ ni, ti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sì ni, torí lẹ́tà yín pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ohun kan náà ni ẹ sì ń ṣe. Ẹ ó kọ̀wé nípa ọ̀gá, ẹ ó wá fi ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Orí àwọn ìwé àti aṣọ tó pín yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń sọ pé ilé ayé sú òun, tó wá ṣàdédé fara balẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó fẹ́ràn tọrẹ, tó ń kí àwọn èèyàn bí ẹni ń dágbére láìsọ ibi tó ń lọ, ẹ má ṣe yára sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Àmì ewu ni gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìdènà ìpara-ẹni ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà mìíràn, onítọ̀hún ti pinnu, ìjà inú ọkàn rẹ̀ ti parí, ìyẹn ló fa ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹ rí. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yìí. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ yá ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó dá ìyẹn mọ̀ lóru, láti inú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn tó lé ní 720,000 ló ń pa ara wọn lọ́dọọdún, àti pé nínú ohun tó ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 29 jù lọ, ìpara-ẹni ló ṣe ìkẹta. Wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa. Àwọn tó ń wá jókòó níwájú tábìlì rẹ nìyẹn.

O tún sọ pé o kò bi í bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀, nítorí o kò fẹ́ fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù báyìí, ẹ̀rù náà kò sì tọ̀nà. Àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ kò rí i pé bíbéèrè ń gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lè mú kí ara tu onítọ̀hún, torí ẹnì kan ti gbójúgbóyà dárúkọ ohun tó ń dá gbé kiri. Bi í ní tààrà: “Ṣé o ti ń ronú láti pa ara rẹ?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Má sọ fún un bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe máa sunkún. Bi í bóyá ó ti ro bó ṣe máa ṣe é àti ìgbà tó máa ṣe é. Bó bá ti rò ó, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí o sì pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí lójú rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe tó bá di ọjọ́ Ajé.

Wàyí o, ìlérí yẹn.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọ ń sunkún níwájú rẹ, ó ní “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni”, àánú ṣe ọ́, ẹnu rẹ sì yá. Ṣùgbọ́n o kò láṣẹ láti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a bo àṣírí akẹ́kọ̀ọ́, n kò bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Bó bá sọ fún ọ pé òun fìdí rẹmi, pé òun lóyún, pé ẹni tó ń san owó ilé ìwé òun ti kọ òun sílẹ̀, kò sí ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ọ́fíìsì kejì fi gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Síbẹ̀ àṣírí ní ààlà, ibi tí ẹ̀mí bá ti wọ ọ̀rọ̀ ni ààlà náà wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu rárá ló sì yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. O máa sọ fún un pé: “Ohun tí o bá sọ fún mi, n kò ní máa sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i pé ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu, màá pe ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, màá sì gbìyànjú láti sọ fún ọ kí n tó pè é.” Bí o bá ti sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o kò ní dè ara rẹ mọ́ ìlérí tí o kò lè mú ṣẹ láìfi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré.

Ohun tó bí mi nínú jù ni gbólóhùn kan tí o kọ sí abẹ́ rẹ̀: “Èmi nìkan ló lè bá sọ̀rọ̀.” O kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Ta ló sọ ọ́ di ìwọ nìkan? Ìlérí rẹ ni! Bí ara rẹ kò bá yá lọ́la ńkọ́? Bí fóònù rẹ bá kú? O sọ nínú lẹ́tà yìí kan náà pé o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọn kò bá gbé ọ ga. Lọ́jọ́ tí o bá lọ, kò sí ohunkóhun nínú fáìlì ọmọ yìí. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ máa kí i káàárọ̀, kò ní mọ ẹni tó ń kí.

Rò ó wò. Olùkọ́ rẹ̀ lè ti ṣàkíyèsí pé kò wá sí kíláàsì mọ́. Ẹni tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì lè mọ̀ pé kì í jáde nínú yàrá. Ọ́fíìsì owó lè ti fi lẹ́tà gbèsè ránṣẹ́ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn, kò sì sí ẹni tí díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bà lẹ́rù. Ìdí tí wọ́n fi dá irú ẹ̀ka yín sílẹ̀ ni pé kí ẹnì kan lè kó díẹ̀ díẹ̀ yẹn jọ, kó sì rí odindi ọmọ. Ìwọ tí wọ́n fi síbẹ̀ láti kó o jọ lo wá gbé èyí tó wúwo jù pa mọ́ sínú fóònù ara rẹ.

O fi ohun tí wọ́n kọ́ yín gbèjà ara rẹ, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ẹni tó mọ òun kì í tètè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti 1975 ni Vincent Tinto, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣàlàyé pé kì í ṣe àìmọ̀wé nìkan ló ń lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó ní bí wọ́n ṣe wọnú ẹ̀kọ́ àti bí wọ́n ṣe wọnú àwùjọ ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtàkì. Àwùjọ ló wí. Olùkọ́, ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo wọn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹlòmíràn ju òṣìṣẹ́ kan tó ń pè lóru, kò tíì wọ àwùjọ kankan.

Ìwọ náà kò gbádùn, ó sì hàn nínú lẹ́tà rẹ. O ní tí fóònù bá dún, o ti máa ń bínú kí o tó mọ ẹni tó ń pè. Christina Maslach, tó ti ń kọ̀wé lórí àárẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà hàn: okun á tán nínú èèyàn, ọkàn rẹ̀ á le sí àwọn tó wá ràn lọ́wọ́, á sì máa rò pé iṣẹ́ òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ẹ̀dà kọkànlá ìwé ìsọ̀rí àìsàn wọn. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun tó ń wá láti inú wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn kò bójú tó ni. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ rẹ jẹ̀bi pẹ̀lú. Ó yẹ kí wọ́n ní fóònù iṣẹ́ tí ẹ jọ ń gbà ní ìpín ìpín, kí wọ́n sì yan àgbà kan tí wàá máa jókòó tì déédéé láti sọ ohun tí o gbọ́. Béèrè fún méjèèjì ní kíkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà tìrẹ, má fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́.

Padà lọ bá ọmọ náà. Bí o bá ti ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe, o ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn yunifásítì, ẹ kò sì fi nọ́ńbà lásán lé e lọ́wọ́ pé kó lọ wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Sọ fún un pé, “Mo ṣèlérí tí kò yẹ kí n ṣe, n kò sì lè mú un ṣẹ, torí mo fẹ́ kí o wà láàyè.” Ó lè bínú. Ó lè má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó máa fi gboyè. Jẹ́ kó bínú.

Ní ti ìgbéga, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ ti ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wàhálà tí o ṣe yìí, kò sí ọ̀kan tí o kọ sílẹ̀. Ibo ni kó ti rí i? Jókòó lónìí, kọ gbogbo ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ fún ọ bó ṣe sọ ọ́, fi ọjọ́ àti aago sí i, kí o mú un lọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìyẹn bá parí, tí o bá ṣì fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, kọ̀wé sí mi. Màá dá ọ lóhùn.