Má tìtorí "Argument list too long" fọwọ́ kan kernel

Àbúrò mi ní Ìkọ̀lé, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní àwòrán ìwé tí ẹ ṣe scan kún fódà kan bámúbámú, o fẹ́ fi cp *.jpg kó wọn lọ sórí díìsìkì mìíràn, Linux sì dáhùn pé "Argument list too long", ìyẹn ni pé orúkọ fáìlì tó tẹ̀lé àṣẹ náà ti pọ̀ jù. Ẹnìkan wá ní kí o yí MAX_ARG_PAGES padà, ìyẹn ìdíwọ̀n tó wà nínú kernel (ọkàn Linux), kí o compile kernel tuntun. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Ohun tó ní kí o yí padà yẹn ò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 2007.

Nígbà náà, kernel ní page (ègé ìrántí kọ̀mpútà) 32 péré fún orúkọ fáìlì àti àwọn environment variable lápapọ̀, ìyẹn 131072 báìtì. Ollie Wild àti Peter Zijlstra ló mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò ní kernel 2.6.23. Láti ìgbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin stack (ìrántí iṣẹ́ tí ètò kọ̀ọ̀kan ní) ni kernel ń gbà fún wọn: stack 8 MB, ààyè 2 MB.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé ojú mi rí i. Sẹ́fà ibi iṣẹ́ wa ní Adó ṣì ń lo kernel 2.6.18 nígbà náà, àṣìṣe yìí kan náà sì yọ sí wa. Mo ní kí a fi find, àṣẹ tó ń wá fáìlì, ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀gá ò gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan láti Èkó. Ó ní ti find yẹn, iṣẹ́ ọmọdé ni. Ó ṣí binfmts.h, fáìlì kóòdù tí ìdíwọ̀n náà wà, ó sọ 32 di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í compile. Iná lọ láàárín, kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, kernel tuntun ò rí díìsìkì rárá, torí dúráífà RAID (àwọn díìsìkì tí a so pọ̀) ò sí nínú initrd, àkójọ ohun tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀, tó ṣe. Kernel panic: ẹ̀rọ ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó sì ti yọ kernel àtijọ́ kúrò nínú GRUB, ètò tó ń yan kernel tí ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀, ó ní kò wúlò mọ́! Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sí kọ́rídọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìyá kan tilẹ̀ wọkọ̀ láti Ọ̀mùò wá torí ìwé ẹyọ kan. Ọ̀gá ní kí n lọ sọ fún wọn pé kò sí network. Inú ṣì ń bí mi. CD rescue ni a fi gbà á padà, èmi ni mo ṣe é, òun ló gbowó.

Ohun tí wàá tẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí o bá ti mount díìsìkì:

find . -maxdepth 1 -name '*.jpg' -exec cp -t /mnt/disk {} +

Ó tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi find | xargs tar -cf di wọn pọ̀, sá fún un. Bí orúkọ bá pọ̀, xargs á pín wọn ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, á pe tar fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ti ìkejì á sì kọ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn nìkan ni yóò ṣẹ́kù, tar ò sì ní kìlọ̀. Èyí ni kí o lò:

find . -name '*.jpg' -print0 | tar --null -T - -cf iwe.tar

Má gbàgbé -print0 yẹn, torí --null ń retí kí àmì NUL pín orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

O lè gbé stack sókè pẹ̀lú ulimit -s 65536, ṣùgbọ́n láti kernel 4.13 ní 2017, ààyè orúkọ fáìlì yẹn kò ní ju 6 MB lọ, bó o fẹ́ kó o kọ unlimited. Okùn ọ̀rọ̀ ẹyọ kan náà ò gbọdọ̀ tó 128 KB, kò sì sí ulimit kankan tó lè yí èyí padà. Nítorí náà, má ki odindi fáìlì bọ ẹ̀gbẹ́ curl -d, àṣẹ tó ń fi dátà ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ @ ṣáájú orúkọ rẹ̀, curl á kà á fúnra rẹ̀.

Kó o tó pa fódà àtijọ́ rẹ́, fi find àti wc -l (tó ń ka ìlà) ka iye fáìlì ní fódà àtijọ́ àti lórí díìsìkì tuntun. Bí wọn ò bá dọ́gba, fi ohun tó jáde ránṣẹ́ sí mi.