Òdòdó Yín Kò Tanná? Ẹ Fi Yùríà Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo gbin òdòdó zinnia àti cosmos, kí labalábá àti ẹyẹ hummingbird lè máa wá. Cosmos ti ga jù mí lọ, ewé wọn dú minimini, àmọ́ òdòdó mẹ́ta péré ni mo rí. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi yùríà sí i. Ajílẹ̀ wo ló tún lágbára jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má wá òmíràn rárá. Ajílẹ̀ yẹn gan-an ló ń bá òdòdó yín jà, ẹ̀yin sì ń ra ohun ìjà fún un.

Nínú ìdá 100 yùríà, bí ìdá 46 ni náítírójìn, oúnjẹ ewé sì ni. Ọ̀gbìn tó bá ń rí i jẹ yó á kàn máa yọ ewé lé ewé ni. Ọ̀rọ̀ òdòdó kò kàn án. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka cosmos kan wò: á sanra, á rọ̀, omi á kún inú rẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ á sì wó o lulẹ̀. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀ ló bá a lára mu. Ẹni tó bá sọ pé ajílẹ̀ ló ń mú òdòdó tanná, ajílẹ̀ ló ń tà. Oòrùn ni zinnia àti cosmos fẹ́, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́.

Torí náà, ẹ dá yùríà dúró lónìí. Ẹ bomi rin òdòdó yín kó jinlẹ̀, kí ẹ má tún bu omi sí i àfi bí ìka tí ẹ kì bọlẹ̀ dé oríkèé kejì bá bá a ní gbígbẹ. Ẹ gé orí zinnia lókè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra. Ẹ̀ka méjì ló máa yọ níbẹ̀. Mi ò rí ilẹ̀ yín o, mi ò lè dá ọjọ́ tó máa rudi.

Ti hummingbird: ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àríwá dé gúúsù, nìkan ló wà. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má dúró dè é. Salvia pupa, tí òdòdó rẹ̀ rí bíi fèrè, ló sì máa ń yà sí ju cosmos lọ. Zinnia tó dì bíi bọ́ọ̀lù, ojú ènìyàn ló ń wù. Labalábá kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Ẹ ò dárúkọ oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n mo fura pé ó wà nílé. Ẹ gbé e jìnnà sí òdòdó yín. Kòkòrò tó ń jẹ ewé yín lónìí lè jẹ́ labalábá tí ẹ ń retí.