Èsì: Láísẹ́ǹsì operator àti planning permission

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá láísẹ́ǹsì operator (ìwé àṣẹ ẹni tó ń gba iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀) nìkan ti tó láti máa gba iṣẹ́ minicab, ìyẹn ọkọ̀ akérò tí èrò ń pè ṣáájú, nínú ilé yín ní Leeds, ní England. Rárá o, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Òfin 1976 ló ni láísẹ́ǹsì, òfin planning 1990 (òfin lórí ohun tí a lè fi ilẹ̀ àti ilé ṣe) ló ni ọ̀rọ̀ ilé. Káńsù kan náà ló ń bójú tó méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í dáhùn fún èkejì.

Tó bá jẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà kan péré lórí tábìlì, tí awakọ̀ kankan kì í yà síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ìyọ̀ǹda planning. Àmọ́ bí ọkọ̀ mẹ́ta bá ń dúró síwájú ilé, tí ilẹ̀kùn wọn ń dún gbàmù láago kan òru, aládùúgbò á fẹjọ́ sun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún Lawful Development Certificate (ìwé káńsù tó jẹ́rìí pé ohun tí ẹ fẹ́ fi ilé ṣe bá òfin planning mu) kí ẹ tó sanwó láísẹ́ǹsì ọdún 5.