Mi Ò Tètè Pe Fadá Kí Bàbá Mi Tó Kú

*Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni mí ní Surùlérè. Oṣù méjì sẹ́yìn ni bàbá mi kú, ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n pe Fadá wá fi òróró yàn wọ́n, mo ní kò tíì yá, torí lójú mi, ẹni tó bá pe Fadá ti pe ikú. Ìgbà tí mo wá pè wọ́n, sún kẹrẹ fà kẹrẹ dá wọn dúró lórí Third Mainland Bridge. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀mí ti bọ́. Wọn ò fi òróró yàn bàbá, àdúrà ni wọ́n kàn gbà. Bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, bàbá ṣì gba Kòmúníọ̀nù lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà mi ò lè di ròsárì mú. Àwọn ẹbí ní òkú àgbà kì í ṣe òkú ẹkún. Ṣé èmi ni mo ba ọ̀nà bàbá mi jẹ́?*
*Àbígbẹ̀yìn, Surùlérè*

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́, mo tún padà wá kà á.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ sáré kọjá. Bàbá gba Kòmúníọ̀nù lọ́jọ́ Àìkú. Kòmúníọ̀nù tí ẹni tí ikú ti sún mọ́ bá gbà, Viaticum ni Ìjọ ń pè é láti ayébáyé, ìyẹn oúnjẹ ìrìn-àjò. Òun gan-an ni sakaramẹ́ǹtì, ìyẹn ààmì mímọ́ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, fún ẹni tó ń kọjá lọ. Òróró lo ń wá kiri, o ò rí i pé bàbá ti jẹun kí wọ́n tó jáde nílé.

Fadá náà kò ṣẹ̀ yín. Alààyè ni sakaramẹ́ǹtì wà fún. Bí iyèméjì bá wà bóyá ẹ̀mí ṣì wà lára, wọ́n á fi òróró yàn án. Bó bá ti dájú pé ó ti lọ, àdúrà ló kù. Kò sí ibi tí Ìjọ ti kọ́ wa pé ẹni tí òróró kò bá kàn ti ṣègbé. Fadá ló há sórí bíríìjì, Ọlọ́run kò há.

Ní ti pé o ò tètè pè wọ́n, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó yẹ kí o pè wọ́n. Láti ìgbà Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì (1962–1965), ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé òróró aláìsàn ni, kì í ṣe òróró òkú. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá lè gbà á, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti ń rẹ̀ sílẹ̀ lè gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ, o ò fẹ́ kí bàbá lọ ni. Bó bá ṣì ń jẹ ọ́ lọ́kàn, gbé e lọ síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, má máa gbé e sùn.

Àwọn tó ní kí o má sunkún yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, ó ṣì sunkún. Nígbà tí màámi kú, ọdún kan gbáko ni mo fi ń ra kírẹ́dì sórí síìmù wọn, kí wọ́n má baà fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Mo gba àjíǹde òkú gbọ́, mo sì ń ra kírẹ́dì.

Nígbà tí Monica Mímọ́, ìyá Augustine Mímọ́, ń kú lọ ní Ostia nítòsí Róòmù lọ́dún 387, ó ní ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n sin òun sí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ Augustine àti arákùnrin rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Ẹni mímọ́ nìyẹn o, ó sì ń bẹ ọmọ rẹ̀ fún àdúrà. Bàbá rẹ náà ń retí tìrẹ.

Fi ròsárì sílẹ̀ ná. Bí o bá fẹ́ sùn, sọ pé, "Fún wọn ní ìsinmi ayérayé, Olúwa, kí ìmọ́lẹ̀ àìlópin máa tàn sí wọn." Ó tó. Lọ́sẹ̀ yìí, ya ọ́fíìsì ìjọ yín, kí o fi orúkọ bàbá sílẹ̀ fún Mísà. Akọ̀wé á bi ọ́ bóyá ti ìdúpẹ́ ni tàbí ti òkú. Bí ohùn rẹ ò bá jáde, kọ ọ́ sórí ìwé fún un. Ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sunkún níwájú tábìlì yẹn.